Garawa Mọ́kànlá

Ní Weller Gap, láàárín òkè méjì ní Pẹnsilféníà,
níbi tí iṣẹ́ èédú ti kú tí ẹnikẹ́ni kò sin ín,
garawa mọ́kànlá ni a jọ ń lọ sílé ìwé.
Àwọn ọmọ kíláàsì mi ló sọ wọ́n lórúkọ.
Èyí tó wà lẹ́bàá pátákó ń jẹ́ Horace,
èyí tó fọ́ létí ń jẹ́ Ìyá Àgbà Dot.
Bí òjò bá ti ṣú, wọn á pè wọ́n bí mo ṣe ń pe orúkọ láàárọ̀:
Horace? Ó wà.
Dot? Ó wà, ó ti kún dé ìdajì.

Leland Kosik ló ń dà wọ́n nù.
Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló ti fi ń tọ́jú ẹ̀rọ amúlé-móoru nísàlẹ̀ ilé;
ó mọ ìgbà tí yóò wúkọ́, ó mọ ìgbà tí yóò dákú,
ó ń rọ̀ ọ́ bí ẹni ń rọ arúgbó pé kó jẹun.

Bí owó ṣe ń rìn níbẹ̀ kò pamọ́:
iye tí ilé rẹ bá lè tà ni wọ́n fi ń gba owó orí,
owó orí yẹn náà ni wọ́n fi ń ra ṣọ́ọ̀kì.
Ilé Weller Gap kò tà. Ta ni yóò rà á?
Bí ògiri bàbá bá ti sán,
ìwé ọmọ ló ń fàya.
Lẹ́yìn òkè, ní Ashby Heights, máìlì mẹ́sàn-án péré,
wọ́n ní adágún ìwẹ̀ nínú ilé ìwé, omi rẹ̀ lọ́wọ́ọ́rọ́.
Àwa náà ní omi nínú ilé ìwé.
Tútù ni tiwa.

Lóṣù kẹwàá, ìjọba rán Àtúnṣe sí wa.
Àtúnṣe wọ kóòtù aláwọ̀ eérú, ó ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Prentiss Lyle,
ó gbé àwòrán wá, ọfà pupa tó ń gun òkè.
Ó ní ká máa dán àwọn ọmọ wò lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún:
ilé ìwé tí máàkì rẹ̀ bá gòkè, owó rẹ̀ á gòkè;
èyí tó bá já wálẹ̀, àgádágodo.
Mo ń wò ó. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.
Ibi tó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni òjò dé.
Ẹ̀kán kan bọ́ sórí ọfà. Ẹ̀kán kejì.
Maribeth Stoltz, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ,
dìde láìgba àṣẹ, ó gbé garawa wá síbi ẹsẹ̀ ọ̀gá:
"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀. Ààyè Horace lẹ dúró sí."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Tó. Tó.
Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó pẹ́ kó tó gbé e wálẹ̀.
"Láti ìgbà wo?"
Kosik ní, "Ìyá ọmọ yìí náà gbé garawa."

Mi ò ní purọ́ pé owó dé lọ́jọ́ kejì.
Ìgbìmọ̀ jókòó, ìgbìmọ̀ dìde, wọ́n mu kọfí wa tán.
Agnes Kratz, opó ẹni ọgọ́rin ọdún, dìde ní gbọ̀ngàn, ó ní
bí owó orí bá tún lé, kí òun fi oògùn àyà òun sílẹ̀ ni?
Mi ò ní èsì fún un. Títí di òní, mi ò ní.

Lóṣù kẹrin, owó òrùlé dé, owó ìdajì òrùlé.
Wọ́n kan apá ìwọ̀ oòrùn. Garawa márùn-ún fẹ̀yìn tì.
Àwọn ọmọ ò jẹ́ ká kó wọn dànù;
wọ́n rọ iyẹ̀pẹ̀ sínú wọn, wọ́n gbin tòmátò,
wọ́n tò wọ́n sí ojú fèrèsé.

Láàárọ̀ yìí, ojú ọ̀run ṣú. Mo ṣí ìwé orúkọ.
Horace?
"Ó ti ń yọ ewé!"
Ìyá Àgbà Dot?
Tó.